Grace Hopper: Obìnrin tó kọ́ kọ̀ǹpútà lédè, tó sì ń ṣọ́ gbogbo àsìkò tó ń ṣòfò

Ìtàn ìgbésí ayé tá a gbé wá fún yín lónìí jẹ́ ti obìnrin ará Amẹ́ríkà kan tó ti kú láti ọdún 1992, àmọ́ tí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ò tíì kú. Grace Hopper lorúkọ rẹ̀. Olùkọ́ ìṣirò ni, ọ̀gá ọmọ ogun ojú omi ni, ó sì wà lára àwọn tó kọ́kọ́ rò ó pé kò yẹ kó jẹ́ àwọn onímọ̀ ìṣirò nìkan ni yóò máa bá kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀.

Ṣé ẹ mọ bó ṣe máa ń rí tí fóònù tó ń sáré dáadáa lánàá bá dédé bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ bí ìgbín lẹ́yìn tí wọ́n ṣe àtúnṣe tuntun sí i? Kò kú, kò bàjẹ́, ó kàn ń lọ́ra ni. Irú ìyọnu yìí wà lọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣe irinṣẹ́ inú kọ̀ǹpútà náà. Tiwọn tiẹ̀ tún le jù, torí pé irinṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe ni ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ míì fi ń ṣiṣẹ́. Bí irinṣẹ́ náà bá falẹ̀, gbogbo àwọn tó ń lò ó ló falẹ̀ nìyẹn. Grace Hopper wà níbẹ̀ nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì fẹ̀sùn kan òun alára pé ohun tó ṣe máa sọ kọ̀ǹpútà di ọ̀lẹ.

Ọmọ tó tú aago méje palẹ̀

Ọjọ́ 9, oṣù Kejìlá, ọdún 1906 ni wọ́n bí Grace Brewster Murray nílùú New York. Òun ni àkọ́bí nínú ọmọ mẹ́ta. Iṣẹ́ adójútòfò ni bàbá rẹ̀ ń ṣe, ìyá rẹ̀ sì fẹ́ràn ìṣirò gan-an. Baba ńlá rẹ̀ kan ti ṣe ọ̀gágun nínú iṣẹ́ ológun ojú omi Amẹ́ríkà rí.

Nígbà tí Grace wà lọ́mọ ọdún méje, ó fẹ́ mọ bí aago tó máa ń jí èèyàn lójú oorun ṣe ń ṣiṣẹ́. Ó tú ọ̀kan, kò lè tò ó padà. Ló bá tú òmíràn láti fi wo ti àkọ́kọ́. Kí ìyá rẹ̀ tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, aago méje ló ti di àfọ́kù nílẹ̀. Ohun tí ìyá rẹ̀ ṣe ni pé ó ní aago kan ṣoṣo ló lè máa tú látọjọ́ náà lọ.

Ó lọ sí ilé ẹ̀kọ́ Vassar, ó sì jáde lọ́dún 1928 pẹ̀lú ìmọ̀ ìṣirò àti físíìsì. Ó gba oyè kejì ní Yale lọ́dún 1930, ọdún yẹn náà ló fẹ́ Vincent Foster Hopper, òun ló sì gba orúkọ Hopper lọ́wọ́ rẹ̀. Lọ́dún 1934, ó gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú ìṣirò ní Yale kan náà. Nígbà yẹn, obìnrin tó ní irú oyè bẹ́ẹ̀ ò pọ̀ rárá. Ó ti ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Vassar láti ọdún 1931.

Ogun ló gbé e dé ìdí kọ̀ǹpútà

Nígbà tí Amẹ́ríkà wọ Ogun Àgbáyé Kejì lóṣù Kejìlá ọdún 1941, Grace Hopper fẹ́ wọṣẹ́ ológun ojú omi. Wọ́n ní ó ti dàgbà jù. Wọ́n tún ní kò wúwo tó, torí pé ó fi nǹkan bíi pọ́n-ùn 15 dín sí ìwọ̀n tí wọ́n ń fẹ́. Wọ́n ní iṣẹ́ olùkọ́ ìṣirò tó ń ṣe gan-an wúlò fún ìlú. Kò gbà. Ó bẹ̀bẹ̀ títí wọ́n fi yọ̀ǹda fún un, ó sì wọṣẹ́ lóṣù Kejìlá ọdún 1943. Nígbà tí wọ́n parí ìdálẹ́kọ̀ọ́ lọ́dún 1944, òun ló gba ipò kìn-ín-ní.

Yunifásítì Harvard ni wọ́n rán an lọ, lọ́dọ̀ ọ̀gá kan tó ń jẹ́ Howard Aiken. Ibẹ̀ ló ti bá ẹ̀rọ kan tí wọ́n ń pè ní Mark I. Ẹ̀rọ náà gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 51, ó ga ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́jọ, ó sì wúwo tó nǹkan bíi tọ́ọ̀nù márùn-ún. Pẹ̀lú gbogbo títóbi rẹ̀ yìí, àròpọ̀ mẹ́ta péré ló lè ṣe láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Tó bá jẹ́ ìsọdipúpọ̀, ó máa ń gbà á tó ìṣẹ́jú àáyá mẹ́fà. Fóònù kékeré tó wà lọ́wọ́ yín báyìí ti ju bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì.

Àmọ́ iṣẹ́ ogun kì í dúró. Ọ̀sán òru ni ẹ̀rọ náà fi ń ṣiṣẹ́, tó bá sì dúró, àwọn tó wà nídìí rẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ ìdí tó fi dúró kíákíá. Lọ́dún 1944, onímọ̀ ìṣirò kan, John von Neumann, gbé ìṣirò kan wá síbẹ̀. Wọn ò sọ fún àwọn òṣìṣẹ́ pé bọ́ǹbù átọ́míìkì ni wọ́n fẹ́ fi ìdáhùn rẹ̀ ṣe. Lẹ́yìn ogun ni wọ́n tó mọ̀. Hopper náà ló kọ ọ̀pọ̀ jù lọ nínú ìwé ìtọ́sọ́nà Mark I tó jáde lọ́dún 1946, ìwé tó lé ní 500 ojú ìwé.

Àfòpiná inú ẹ̀rọ

Ìtàn tí ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀ mọ́ ọn ni ti àfòpiná. Ọjọ́ 9, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 1947 ni. Mark II ni wọ́n ń lò lọ́jọ́ náà, ẹ̀rọ náà ò sì ṣe déédéé. Inú ẹ̀rọ yìí kún fún àwọn súwíìṣì kéékèèké tó ń ṣí tó ń pa fúnra wọn, tí wọ́n ń pè ní relay. Wọ́n wá a títí, wọ́n bá àfòpiná kan tó há sínú relay nọ́ńbà 70. Àwa Yorùbá mọ ohun tójú àfòpiná máa ń rí tó bá lóun fẹ́ pa fìtílà. Tọ̀tẹ̀ yìí, òun náà kú, àmọ́ ó kọ́kọ́ dá iṣẹ́ ẹ̀rọ ńlá dúró ná.

Wọn ò jù ú nù. Wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú ìwé àkọsílẹ̀ iṣẹ́ ọjọ́ náà, wọ́n sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé kòkòrò gidi làwọn rí. Ìwé náà ṣì wà ní ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé Smithsonian ní Amẹ́ríkà títí dòní. Àwọn kan máa ń sọ pé Hopper ló rí kòkòrò náà, tàbí pé òun ló kọ́kọ́ pe àṣìṣe inú ẹ̀rọ ní kòkòrò. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ ti ń lo ọ̀rọ̀ náà láti nǹkan bí ọdún 70 ṣáájú. Hopper ló kàn fẹ́ràn láti máa sọ ìtàn yìí káàkiri, òun ló sì sọ ọ́ di olókìkí.

Ohun tó yẹ ká mú nínú rẹ̀ ni ìwé àkọsílẹ̀ yẹn. Ohun tí wọ́n ṣe, aago tí wọ́n ṣe é, ohun tí ẹ̀rọ sọ, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ń kọ sílẹ̀. Tí ẹ̀rọ bá yí padà lójijì, wọ́n á ṣí ìwé, wọ́n á wo ìgbà tó ti ń ṣe dáadáa kẹ́yìn.

Ẹ̀rọ tó ń kọ iṣẹ́ fún ẹ̀rọ

Lẹ́yìn ogun, nǹkan ò rọgbọ fún Hopper. Òun àti ọkọ rẹ̀ ti kọ ara wọn sílẹ̀ lọ́dún 1945. Àdéhùn iṣẹ́ rẹ̀ ní Harvard parí, kò sì sí àyè ayérayé fún un níbẹ̀. Ọtí tún di ìṣòro fún un lásìkò náà. Lọ́dún 1949, ó gba iṣẹ́ ní iléeṣẹ́ Eckert-Mauchly nílùú Philadelphia, níbi tí wọ́n ti ń ṣe kọ̀ǹpútà tó ń jẹ́ UNIVAC. Kò pẹ́ tí Remington Rand ra iléeṣẹ́ náà.

Ibẹ̀ ló ti kíyè sí nǹkan kan. Láyé ìgbà yẹn, ẹni tó bá fẹ́ rán kọ̀ǹpútà níṣẹ́ gbọ́dọ̀ fi nọ́ńbà àti àmì kọ gbogbo ìgbésẹ̀ náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Tí ẹnì kan bá ti kọ apá tó ń ṣe ìṣirò kan rí, àwọn yòókù á lọ ṣàdàkọ rẹ̀ látinú ìwé rẹ̀. Níbi àdàkọ yìí ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. Lẹ́tà B á di 13. Àmì onígun mẹ́ta tí wọ́n fi ń dúró fún àlàfo á di 4. Wọ́n tún gbọ́dọ̀ máa fi ọwọ́ ro àwọn nọ́ńbà kan pọ̀ kí apá tí wọ́n dà kọ tó lè bá àyè rẹ̀ tuntun mu, wọ́n sì máa ń ṣi àròpọ̀ náà ṣe. Odindi ọ̀sẹ̀ lè lọ sórí wíwá àṣìṣe bẹ́ẹ̀.

Hopper wá bi ara rẹ̀ pé, ṣebí kọ̀ǹpútà mọ àdàkọ ṣe, ó sì mọ àròpọ̀ ṣe ju èèyàn lọ. Kí ló dé tí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ò fi ní ṣe é? Lọ́dún 1952, ó parí prógírámù kan tó pè ní A-0. Ó kó gbogbo apá tí wọ́n ti kọ tẹ́lẹ̀ sórí téèpù, ó fún oríkèé wọn ní nọ́ńbà ìpè. Tó o bá ti kọ nọ́ńbà ìpè wọn tẹ̀ léra, A-0 á lọ ṣa wọn jọ, á sì tò wọ́n di odindi iṣẹ́. Torí iṣẹ́ kíkójọ yìí ló ṣe pè é ní kọ̀ǹpáílà. Lónìí, orúkọ náà ti gbòòrò. Kọ̀ǹpáílà òde òní dà bí ògbufọ̀ ilé ẹjọ́: ó ń gba ohun tí èèyàn kọ, ó ń túmọ̀ rẹ̀ sí èdè tí ẹ̀rọ gbọ́.

Àyè inú UNIVAC kéré. Ẹgbẹ̀rún ọ̀rọ̀ kan péré ló lè gbà lẹ́ẹ̀kan, ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ lẹ́tà 12. Nítorí náà, A-0 gbọ́dọ̀ ka iṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kí wá ni kó ṣe tí iṣẹ́ náà bá ní kó fò lọ sí ibì kan níwájú tí kò tíì dé? Hopper rántí bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ tó ń gbá nígbà tó wà nílé ìwé, bí èèyàn ṣe máa ń ju bọ́ọ̀lù síwájú fún ẹni tó ń sá bọ̀. Ó ya igun kan sọ́tọ̀. Tí wọ́n bá ní kí ẹ̀rọ fò síwájú, á kọ́kọ́ fò lọ sí igun yìí. Nígbà tí kọ̀ǹpáílà bá wá débi tí wọ́n ń wí, á fi àdírẹ́sì ibẹ̀ sí igun náà. Ìṣòro tán.

Wọ́n ní ó máa lọ́ra

Ẹ máa rò pé wọ́n gbé e gẹ̀gẹ̀. Rárá o. Nǹkan bí ọdún méjì ni A-0 fi wà níbẹ̀ tẹ́nikẹ́ni ò fẹ́ fọwọ́ kàn án. Àwọn kan ní kọ̀ǹpútà ò lè kọ prógírámù, ìṣirò nìkan ló mọ̀. Àwọn míì mú ẹ̀sùn tó lágbára jù bẹ́ẹ̀ wá: wọ́n ní iṣẹ́ tí kọ̀ǹpáílà bá kọ máa lọ́ra ju èyí tí ọ̀jáfáfá èèyàn fi ọwọ́ kọ, pé kọ̀ǹpáílà fúnra rẹ̀ á tún jẹ àsìkò ẹ̀rọ mọ́ ọn.

Ẹ má fi ojú kékeré wo ẹ̀sùn náà. UNIVAC kan ju mílíọ̀nù kan dọ́là lọ láyé ìgbà yẹn. Wákàtí tí ẹ̀rọ bá fi ṣòfò, owó gọbọi ni. Ẹ̀sùn náà sì ní òtítọ́ nínú, torí pé àwọn kọ̀ǹpáílà àkọ́kọ́ ò yá.

Ìdáhùn Hopper ni pé ìdajì àsìkò ni wọ́n ń kà. Wọ́n ń ka ìṣẹ́jú tí ẹ̀rọ fi ṣiṣẹ́, wọn ò ka ọ̀sẹ̀ tí èèyàn fi kọ ọ́ àti èyí tó fi ń wá àṣìṣe kiri. Ó ní kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kà á láti ọjọ́ tí iṣẹ́ dé orí tábìlì títí di ọjọ́ tí ìdáhùn jáde. Tí wọ́n bá kà á bẹ́ẹ̀, kọ̀ǹpáílà ló ń jàre.

Àwọn tó wà ní IBM gba ọ̀nà míì yọ. Lọ́dún 1957, John Backus àti ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé FORTRAN jáde. Wọ́n mọ̀ pé àwọn èèyàn ò ní gbà á àyàfi tí iṣẹ́ tó bá kọ bá fẹ́rẹ̀ẹ́ yá bíi ti ọwọ́, wọ́n sì fi agbára ńlá lé ìyára náà bá. Látìgbà náà ni ìyára ti di ohun tí wọ́n fi ń díwọ̀n kọ̀ǹpáílà.

Kọ̀ǹpútà tó gbọ́ Faransé

Ohun tó ká Hopper lára ni àwọn tó ń ṣe ìṣirò owó oṣù, àwọn tó ń ka ẹrù nínú ilé ìkẹ́rùsí. Àwọn wọ̀nyí ò fẹ́ràn àmì ìṣirò. Ó fẹ́ kí wọ́n lè fi ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì lásán kọ iṣẹ́ wọn. Bí òun àti àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ṣe ṣe FLOW-MATIC láàárín ọdún 1955 sí 1959 nìyẹn.

Nígbà tó fẹ́ fi bó ṣe ń ṣiṣẹ́ han àwọn ọ̀gá rẹ̀, ó yí àwọn ọ̀rọ̀ náà padà sí èdè Faransé, ó tún yí wọn sí èdè Jámánì, kọ̀ǹpútà sì ṣe iṣẹ́ kan náà. Ó rò pé inú wọn máa dùn. Ẹ̀rù ló bà wọ́n! Wọn ò gbà pé kọ̀ǹpútà tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà lè gbọ́ Faransé tàbí Jámánì. Ó gba Hopper ní oṣù mélòó kan kó tó fi ọkàn wọn balẹ̀. Ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò: ọ̀rọ̀ tí ẹ̀rọ ń túmọ̀ kò ní èdè tirẹ̀, ohun tí èèyàn bá ní kó dúró fún ló ń dúró fún.

Lóṣù Karùn-ún ọdún 1959, ìpàdé kan wáyé ní Pentagon, iléeṣẹ́ ààbò Amẹ́ríkà, láti ṣe èdè kan tí gbogbo kọ̀ǹpútà ilé iṣẹ́ máa lè gbọ́, láìka ẹni tó ṣe wọ́n sí. COBOL ni wọ́n pè é. Àwọn èèyàn máa ń pe Hopper ní ìyá COBOL, àmọ́ ìgbìmọ̀ ló jókòó ṣe é, àwọn obìnrin bíi Mary Hawes àti Jean Sammet sì wà lára wọn. Olùdámọ̀ràn ni Hopper, FLOW-MATIC tirẹ̀ ni wọ́n sì mú ọ̀pọ̀ nǹkan nínú rẹ̀. Lóṣù Kejìlá ọdún 1960, prógírámù COBOL tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan náà ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀rọ RCA àti ẹ̀rọ UNIVAC. Ohun tí wọ́n ń wá nìyẹn.

Oṣù mẹ́fà tó di ọ̀pọ̀ ọdún

Ìparí ọdún 1966 ni iṣẹ́ ológun ní kí Hopper lọ sinmi, ó ti pé ọgọ́ta ọdún. Kò ju oṣù mélòó kan lọ tí wọ́n fi pè é padà. Oṣù Kẹjọ ọdún 1967 ni, wọ́n ní oṣù mẹ́fà péré ni. Oṣù mẹ́fà náà ò tán mọ́.

Ìṣòro tí wọ́n torí ẹ̀ pè é ni pé oríṣiríṣi kọ̀ǹpáílà COBOL ti pọ̀ lóde. Gbogbo wọn ń pe ara wọn ní COBOL, àmọ́ iṣẹ́ kan náà lè jáde dáadáa lórí ọ̀kan kó má jáde lórí ìkejì. Hopper àti àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ wá kọ àwọn prógírámù ìdánwò jọ. Kọ̀ǹpáílà tó bá fẹ́ ta ara rẹ̀ fún ìjọba gbọ́dọ̀ kọjá nínú ìdánwò yìí. Ìdánwò kan náà, fún gbogbo wọn. Tẹ́nì kan bá wá sọ pé kọ̀ǹpáílà òun dára, kò tún di àríyànjiyàn mọ́, wọ́n á gbé ìdánwò sí i.

Wáyà tó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà kan

Bó ṣe gbèjà kọ̀ǹpáílà tó yìí, Hopper ò gbà kí ẹnikẹ́ni máa fi àsìkò ẹ̀rọ ṣòfò. Àwọn ọ̀gá ológun máa ń bi í léèrè ìdí tí ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ránṣẹ́ nípasẹ̀ sátẹ́láìtì fi ń pẹ́. Ó wá gé wáyà sí nǹkan bí ínǹṣì 11.8, kò tó ẹsẹ̀ bàtà kan. Ó ní ibi tí iná lè rìn dé láàárín nanosecond kan nìyẹn, ìyẹn tí wọ́n bá pín ìṣẹ́jú àáyá kan sí ọ̀nà bílíọ̀nù kan. Á wá ṣàlàyé pé wáyà bẹ́ẹ̀ pọ̀ gan-an láàárín ilẹ̀ àti sátẹ́láìtì.

Ó tún máa ń gbé wáyà kan tí wọ́n ká jọ jáde, èyí tó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 984. Microsecond kan nìyẹn, ẹgbẹ̀rún nanosecond. Ó máa ń sọ pé ó yẹ kí wọ́n gbé irú rẹ̀ kọ́ sí ọrùn gbogbo ẹni tó ń kọ prógírámù, kí wọ́n lè mọ ohun tí wọ́n ń jù nù.

Bí wọ́n ṣe ń wá ìlọ́ra lónìí

Kọ̀ǹpáílà ayé òde òní ti ju ògbufọ̀ lọ. Àwọn kan nínú wọn, bíi Clang àti GCC, ní apá tó máa ń ka iṣẹ́ èèyàn ṣáájú kí iṣẹ́ náà tó lọ sórí ẹ̀rọ, tó ń wá àṣìṣe sílẹ̀: bóyá o ti fi nǹkan kan lò láìtíì fi ohunkóhun sínú rẹ̀, bóyá o ń pín nǹkan sí ọ̀nà òdo. Ó ń ronú lórí gbogbo ọ̀nà tí iṣẹ́ náà lè gbà. Ọ̀nà náà máa ń pọ̀ sí i kíákíá, bí oríta tó ń bí oríta. Àtúnṣe kékeré kan lè mú kí apá yìí máa rìn lọ sí ọ̀pọ̀ oríta tí kò nílò, ohun tó ń gba ìṣẹ́jú mẹ́ta á sì wá gba mẹ́wàá.

Báwo ni wọ́n ṣe ń rí ibẹ̀? Wọ́n ń pa àkọsílẹ̀ gbogbo àtúnṣe mọ́, bíi ti ìwé tí àfòpiná wà nínú rẹ̀. Wọ́n ń gbé ìdánwò kan náà sí i lójoojúmọ́, wọ́n ń kọ àsìkò tó gbà sílẹ̀. Tó bá ti lọ́ra, ká ní ọgọ́rùn-ún àtúnṣe ló wà láàárín ìgbà tó yá àti ìgbà tó ń wọ́, wọn ò ní yẹ gbogbo rẹ̀ wò. Wọ́n á dán ìkàádọ́ta wò. Tíyẹn bá ṣì yá, a jẹ́ pé apá kejì ni àbùkù wà. Wọ́n á tún pín in sí méjì. Tí wọ́n bá ṣe é nígbà méje, ọwọ́ á ti tẹ èyí tó fà á. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á wá wo ibi tí àsìkò ń lọ gan-an nínú rẹ̀, wọn ò ní méfò.

Ìgbẹ̀yìn rẹ̀

Lọ́dún 1983, wọ́n gbé Hopper ga sí ipò commodore nílé ìjọba White House. Lọ́dún 1985, ipò náà di rear admiral. Nígbà tó fẹ̀yìn tì lóṣù Kẹjọ ọdún 1986, orí ọkọ̀ ojú omi USS Constitution ní Boston ni wọ́n ti ṣe ayẹyẹ fún un. Ẹni ọdún 79 ni, òun ló sì dàgbà jù nínú gbogbo ọ̀gá tó ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Kò lọ jókòó sílé. Iléeṣẹ́ Digital gbà á, ó sì ń lọ káàkiri kọ́ àwọn ọ̀dọ́, wáyà rẹ̀ lọ́wọ́.

Ọjọ́ kìíní, oṣù Kìíní, ọdún 1992 ló dágbére fáyé nílùú Arlington, ní Virginia. Ẹni ọdún 85 ni. Itẹ́ òkú àwọn ológun tó wà ní Arlington ni wọ́n sin ín sí. Wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe ọkọ̀ ogun USS Hopper. Lọ́dún 2016, Ààrẹ Barack Obama fún un ní àmì ẹ̀yẹ Presidential Medal of Freedom lẹ́yìn ikú rẹ̀. Lọ́dún 2017, Yale yọ orúkọ Calhoun, olóṣèlú tó ń gbèjà fífi èèyàn ṣe ẹrú, kúrò lára ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ kan, wọ́n fi ti Grace Hopper rọ́pò rẹ̀.

COBOL náà ò tíì lọ. Lóṣù Kẹrin ọdún 2020, nígbà tí àrùn Kòrónà gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn, gómìnà ìpínlẹ̀ New Jersey jáde sọ pé àwọn ń wá ẹni tó gbọ́ COBOL. Ẹ̀rọ àtijọ́ tó ń san owó ìrànwọ́ fún àwọn tí ò níṣẹ́ ò lè gbé èrò tó ya lù ú. Àwọn tó ń retí owó láti fi ra oúnjẹ ló ń dúró de ẹ̀rọ náà, bí àwọn ọmọ ogun ṣe ń dúró de Mark I lọ́jọ́sí.

Tẹ́ ẹ bá ní ọmọ nílé tó ń tú rédíò tàbí aago palẹ̀, ẹ ka ìtàn yìí sí i létí, kẹ́ ẹ sì fún un ní ọ̀kan kó máa tú.